Ọpọ́n Ayò Kọ́ Àbúrò Mi Níṣirò

Bí orin ni àbúrò mi ṣe ń ka ìsọdipúpọ̀. Bí o bá bi í ní 4 lọ́nà 12, àfi kó tún bẹ̀rẹ̀ láti 4 lọ́nà 1. Nítorí ẹgba tí wọ́n ń nà wọ́n níléèwé, ẹ̀rù ìṣirò ń bà á.

Nígbà tí mo wálé fún ìsinmi, mo gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀: ihò 12, ọmọ ayò 4 nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó sọ iye gbogbo rẹ̀. Ó kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé 48. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ti ń kà á ní mẹ́rin-mẹ́rin: “Tèmi 24, tiyín náà 24.”

Mo wá kó ọmọ ayò jọ, mo ní kó pín in fún ènìyàn 6. Ó kan wọ́n ní 8-8. Mo ní kó pín in fún ènìyàn 5. Ó kan wọ́n ní 9-9, ó ṣẹ́ ku 3.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ni 3 yìí?”

Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í bèèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí ẹ kò bá ní ọpọ́n nílé, ẹ gbẹ́ ihò 12 sílẹ̀, kí ẹ ṣa òkúta wẹ́wẹ́.