Wọ́n Ní Kóòṣì Tuntun Ti Dé! Ta Ló Rí I?

Ìlú tó bá wà ní oríta kì í pẹ́ gbọ́ ìròyìn. Bí Kabba ṣe rí nìyẹn. Mọ́tò ń ti Lọ́kọ́jà wọlé, ó ń ti Òkéné wọlé, ó ń gba Ọ̀mùò láti Èkìtì wọlé, ó sì ń ti Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú wá. Bí dẹ́rẹ́bà bá ti bọ́ sílẹ̀, tí wọ́n ti kí i ní "Òkun o," tí òun náà ti dáhùn, ohun tí wọ́n máa bi í ni pé, "Kí ni wọ́n ń sọ níbẹ̀?" Yóò sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, èyí tó gbọ́ àti èyí tí kò gbọ́ tán.

Láyé ọjọ́sí, rédíò ló ń ṣáájú, ìwé ìròyìn á wá tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ní 27 August 1991, abẹ́ Kwara ni Kabba wà, Ìlọrin sì ni olú-ìlú. Ọ̀nà jìn. Ọ̀rọ̀ tó bá ti Ìlọrin débẹ̀ á ti gba ẹnu bíi mẹ́wàá kọjá. Nísinsìnyí, fóònù wà lápò gbogbo ọmọ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ò dúró de mọ́tò mọ́. Ó yára lóòótọ́, àmọ́ ẹnu tó ń gbà kọjá ò dín kù. Ó tún pọ̀ sí i ni!

Kò sí ibi tí èyí ti hàn tó ọ̀rọ̀ kóòṣì Super Eagles. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà lè máa wí pé kí ló kàn yín nínú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ẹ ní sùúrù ná. Nígbà tí ọkọ tàbí ọmọ bá fi ọ̀rọ̀ wọ́n-ní-wọ́n-ní ta tẹ́tẹ́, owó ta ni? Ṣebí owó ọbẹ̀ ni.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2024. Ní ìparí April ni wọ́n sọ Finidi George di kóòṣì, ọmọ Nàìjíríà tó gbá bọ́ọ̀lù fún Ajax nígbà ayé rẹ̀. Ní 7 June, wọ́n ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú South Africa ní Uyo. Ní 10 June, orílẹ̀-èdè Benin nà wọ́n ní 2-1 ní Abidjan. Ta ni kóòṣì Benin lọ́jọ́ náà? Gernot Rohr ni, ọmọ Jámánì tí Nàìjíríà lé lọ ní December 2021! Ẹni tí wọ́n lé jáde nílé ló padà wá fi ìyà jẹ onílé. Àjọ NFF ní àwọn máa mú òyìnbó kan wá lé Finidi lórí, ni Finidi bá kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí oṣù náà tó parí.

Láti ìgbà náà ni orúkọ ti ń jáde bí eéṣú. Lónìí òyìnbó yìí ni, lọ́la òyìnbó tọ̀hún ni. Ẹnì kan á ní ó ti gbà, ẹlòmíràn á ní owó ni wọ́n ń yọ lọ́wọ́. Gbogbo wọn ló ń sọ pé "ẹni tó mọ̀dí ọ̀rọ̀" ló sọ ọ́ fáwọn. Ẹni tó mọ̀dí ọ̀rọ̀ yìí kì í lórúkọ, kì í lójú, kì í sì í sí nílé tí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́.

Ní Kabba, télọ̀ kan àti mẹkáníìkì kan tí ṣọ́ọ̀bù wọn kọjú síra wọn gbé ọ̀rọ̀ náà débi tẹ́tẹ́. Télọ̀ ní òun ti kà á, ọmọ Jámánì kan ló ń bọ̀. Mẹkáníìkì ní irọ́ ni, kò sí òyìnbó kankan, Augustine Eguavoen ni wọ́n máa padà fi dí i, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà lélẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n kó o fún ìyá oníyán tí àwọn méjèèjì ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀. Àdéhùn wọn ni pé ẹni tó bá kó Super Eagles wọ pápá lọ́jọ́ tí wọ́n máa bá Benin gbá a, ní 7 September, ló máa sọ ẹni tó jẹ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni pé owó tí mẹkáníìkì fi lélẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ọlọ́kadà kan ló gbé e fún un pé kó fi ra ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì. Ti télọ̀ náà ńkọ́? Owó yunifọ́ọ̀mù ni. Àwọn òbí ti san án sílẹ̀ nítorí wíwọlé September. Ẹ rí i pé àwọn méjèèjì mọ owó olówó ná!

Nígbà tó di ọjọ́ Tuesday, 27 August 2024, ọjọ́ tí Kogi pé ọdún 33 gan-an, àjọ NFF kéde fúnra rẹ̀ pé Bruno Labbadia ni kóòṣì tuntun, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọmọ Jámánì ni lóòótọ́. Ó ti kọ́ Hamburg, ó ti kọ́ Stuttgart, ó ti kọ́ Wolfsburg àti Hertha Berlin. Èyí kì í ṣe àhesọ mọ́, àjọ ló sọ ọ́. Télọ̀ ò tiẹ̀ rántí yọ tépù kúrò lọ́rùn tó fi sáré dé ìsọ̀ ìyá oníyán.

"Màmá, ẹ gbé owó mi wá o! Wọ́n ti kéde!"

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Ṣé ó ti dé?"

"Ẹ̀n-ẹ́n, Màmá! Àjọ fúnra wọn ló sọ ọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú títì."

"Ìyẹn náà dára. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣebí ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń kéde ìgbéyàwó kí wọ́n tó so yìgì? Wọ́n ti kéde, a ò tíì so yìgì. Ọjọ́ Benin lẹ sọ fún mi. Ọjọ́ Benin náà ni mo máa sanwó."

Ọ̀rọ̀ di ariwo. Télọ̀ ní ìyá fẹ́ fi owó òun ṣòwò ni. Àwọn tó ń jẹun lọ́wọ́ pín sí méjì. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ, mẹkáníìkì ò lè gbójú sókè, nítorí ọlọ́kadà ti ń wá láràárọ̀ bèèrè máṣíìnì rẹ̀, ẹni tí kò ní máṣíìnì ò sì ní jẹun. Láàárọ̀ Thursday ni ọkùnrin náà jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ò ní dìde. Ibẹ̀ ni àṣírí tú.

Nígbà tó di Friday, 30 August, ọjọ́ mẹ́ta péré sí ìkéde yẹn, àjọ NFF tún jáde: Labbadia ò wá mọ́! Ààrẹ àjọ náà, Ibrahim Musa Gusau, ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ owó orí ló fà á. Ìjọba Jámánì máa gba nǹkan bí 32 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tí ọkùnrin náà máa gbà, yàtọ̀ sí owó orí ti Nàìjíríà níbí, wọn ò sì rí ẹni tó máa ru ẹrù náà. Ẹ wò ó, wọ́n ti pariwo orúkọ ọkọ ìyàwó tán kí wọ́n tó bèèrè iye tí ìdáná máa jẹ!

Eguavoen ló kó wọn wọ pápá ní 7 September ní Uyo. Wọ́n na Benin ní 3-0. Lookman jẹ méjì, Osimhen jẹ ọ̀kan. Ìyá oníyán pe ọlọ́kadà wá, ó ka ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i lọ́wọ́ lójú mẹkáníìkì, kó tó kó ìyókù fún ẹni tó jẹ. Àwọn kan ní kò yẹ kí ìyá bíi tirẹ̀ gba owó tẹ́tẹ́ pa mọ́ rárá, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ká ní ó sanwó lọ́jọ́ Tuesday ńkọ́? Télọ̀ ní àjọ ló jẹ òun lówó, kì í ṣe mẹkáníìkì. Kò jẹyán níbẹ̀ mọ́ títí di Kérésìmesì. Àwọn ọmọ mẹ́ta sì wọlé pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù èṣí, tó ti kúrú dókè orúnkún.

Kí ló dé tí irú ọ̀rọ̀ yìí kì í tán? Ẹni tó ń ta iṣu mọ ìdí rẹ̀. Tí o bá fẹ́ kí owó ọjà rẹ lọ sókè, wàá ní ẹnì kan ti fẹ́ rà á, ó lọ mówó wá ni. Àwọn alágbàtà kóòṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n á ju orúkọ ọkùnrin wọn sí etí oníròyìn pé Nàìjíríà ń wá a, kí ẹgbẹ́ mìíràn lè sáré fi owó kún owó. Nígbà mìíràn, àwọn ọ̀gá fúnra wọn ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jò, láti fi mọ ohun tí aráàlú máa sọ. Èyí tó burú jù ni ti ẹni tí wọ́n fẹ́ lé. Bí wọ́n bá lé e, wọ́n gbọ́dọ̀ san ìyókù owó tó wà nínú ìwé àdéhùn, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá sú u tó lọ fúnra rẹ̀, owó ti wọlé padà nìyẹn. Ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi igi gbá họ́kì lórí yìnyín, bákan náà ni wọ́n ń gbé orúkọ kóòṣì kiri. Kì í ṣe àrùn Nàìjíríà nìkan.

Rohr tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ṣáájú, òun ò sú lọ. Láti October 2021, nígbà tí Central African Republic na Nàìjíríà ní 1-0 ní Èkó, ni àwọn oníròyìn ti ń lé e lọ lójoojúmọ́. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ títí wọ́n fi lé e lóòótọ́ ní December. Ló bá gbé wọn lọ sọ́dọ̀ FIFA, FIFA sì ní kí NFF san owó tó lé ní $377,000 fún un. Ní 29 December ọdún náà, wọ́n kéde José Peseiro, ọmọ Pọtogí. Eguavoen á kàn kó wọn lọ sí Cameroon ni, wọ́n ní Peseiro á gbà á lẹ́yìn náà. Eguavoen jẹ ìdíje mẹ́ta àkọ́kọ́, ara aráàlú yá, bí Tunisia tilẹ̀ wá já wọn kúrò. Ni wọ́n bá ní Peseiro ò wá mọ́. Ghana já tíkẹ́ẹ̀tì Ife Àgbáyé gbà mọ́ Nàìjíríà lọ́wọ́ ní Abuja ní March 2022. Ní May, ta ni wọ́n tún kéde? Peseiro!

Ti Stephen Keshi ló yẹ kó dun gbogbo ènìyàn. Ní 2013, kí wọ́n tó bá Ivory Coast gbá a ní 3 February ní South Africa, ìròyìn ń jà ràn-ìn pé wọ́n ti fẹ́ lé e, pé tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tí wọ́n máa fi padà wálé ti wà nílẹ̀. Àjọ NFF sẹ́ kanlẹ̀. Nàìjíríà na Ivory Coast ní 2-1. Ní 10 February, Sunday Mba gbá góòlù kan ṣoṣo wọlé Burkina Faso, ife di ti Nàìjíríà. Ọjọ́ kejì ni Keshi bọ́ sórí rédíò South Africa, ó ní òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ò tíì kúrò lára rẹ̀. Mínísítà eré ìdárayá, Bolaji Abdullahi, ọmọ Kwara, ló bá a sọ̀rọ̀ kí ó tó yí ọkàn padà ní 12 February.

Ọdún kejì, ní October 2014, wọ́n tún lé e, wọ́n fi Shuaibu Amodu rọ́pò, Ààrẹ Jonathan dá sí i, ó padà. Ní 2015, wọ́n tún gbà á. Oṣù díẹ̀ sí i, orúkọ rẹ̀ jáde láàárín àwọn tó ń wá iṣẹ́ kóòṣì Ivory Coast. Keshi ní òun ò kọ ìwé kankan sí wọn. Wọ́n pè é síwájú ìgbìmọ̀, ó sọ ohun kan náà. Ní 4 July 2015, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kú ní December ọdún náà. Òun náà kú ní Benin City ní 7 June 2016, ọmọ ọdún 54.