Ìtòkú Láàárín Aago Mẹ́wàá sí Mọ́kànlá

Aago mẹ́wàá ti lù, ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ti kún. Àwọn alábàárù gbé ìdì aṣọ lérí, wọ́n ń já gba ọ̀nà tóóró tó wà láàárín àwọn ìsọ̀, ariwo "Ẹ yàgò o! Ẹrù ń bọ̀!" kò dáwọ́ dúró. Ẹni tí kò bá tètè yà, ẹrù á tì í wọ ìsọ̀ onísọ̀. Aṣọ ni níwájú, aṣọ ni lẹ́yìn, aṣọ ni lókè orí. Kàmpálà ló pọ̀ jù, èyí tí wọ́n fi àbẹ́là yíyọ́ àti fóòmù tẹ ọnà sí lára: pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọsàn, oríṣiríṣi. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá rìn wọ ẹ̀yìn díẹ̀, níbi tí àwọn ìyá àgbà pàtẹ sí, aró ló máa bá níbẹ̀, aró tó ṣú títí tó fi ń kọ mọ̀nà lábẹ́ oòrùn. Òórùn rẹ̀ á ti kí i kó tó dé ibẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró kì í gbàgbé òórùn yẹn láéláé.

Ìyá kan jókòó sórí àpótí kékeré níbẹ̀, ó tẹ́ aṣọ sórí itan, ó ń tú ìko. Abẹ ló fi ń gé e. Ó fi èékánná àtàǹpàkò tẹ ibi tí okùn wà, ó ti ẹnu abẹ bọ abẹ́ rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, okùn já. Aṣọ tó ti ṣù jọ bí kóró àgbàdo là, òrùka funfun kan yọ láàárín dúdú. Bí abẹ bá yẹ̀ díẹ̀, aṣọ ti ya nìyẹn, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ti bàjẹ́. Síbẹ̀ kò wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wà lọ́dọ̀ oníbàárà tó ń ná aṣọ, ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, àtàǹpàkò rẹ̀ ń dá wá ibi tí okùn tó kàn wà.

Àsìkò yìí ni àwọn àlejò yọ láti ọ̀nà Aké. Wọ́n tó èèyàn méjìlá. Akẹ́kọ̀ọ́ láti Èkó ló pọ̀ nínú wọn. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan wà láàárín wọn tó jẹ́ pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí wọn sí, tí wọ́n wá wo ìlú baba wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú wọn kiri dé fìlà abetí-ajá, ohùn rẹ̀ ti fẹ́ há. Ó ti mú wọn wo ṣọ́ọ̀ṣì Peter Mímọ́ ní Aké, ó ti mú wọn wo gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ nígbà tí Abẹ́òkúta pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 1930, ó ti fi ẹnu ọ̀nà ààfin Aláké hàn wọ́n. Òkúta Olúmọ ló kù. Ojú ọ̀nà Olúmọ ni Ìtòkú wà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló sì fi sílẹ̀ fún un.

Bí wọ́n ṣe ń dúró de àwọn tó kù sẹ́yìn, ó ń parí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Aké, ó sì mọ̀ ọ́n sọ. Ó ní ní oṣù kìíní ọdún 1843 ni Henry Townsend, ajíhìnrere ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ dé ìlú, tí Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá nígbà náà, sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ Ẹ̀gbá kan ti ṣáájú rẹ̀ wálé, àwọn tí wọ́n tà lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú omi, tí wọ́n kó lọ sí Freetown. Nígbà tí àárò ilé pọ̀ lára wọn, àwọn Sàró wọ̀nyí dáwó jọ, wọ́n ra ọkọ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wọ́n fi tukọ̀ padà sí Àgbádárìgì. Ọkọ̀ tó ń kó ẹrú lọ ló tún kó ọmọ onílé bọ̀. Ó sọ bí Samuel Ajayi Crowther, tí wọ́n mú lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ṣe bá Townsend dé Abẹ́òkúta ní 1846, tó sì rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó mẹ́nu kan Ìwé Ìròyìn tí Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ níbí ní 1859. Obìnrin ará Lọ́ńdọ̀nù náà ń nu ojú nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Crowther àti ìyá rẹ̀.

Ìtàn tó yẹ ká máa sọ ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé bó bá ti parí, ọ̀pọ̀ àlejò á rò pé gbogbo ohun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ti ojú òkun wá fi sílẹ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá kò ju ilé àti ìwé lọ, wọ́n á wá gba àárín Ìtòkú kọjá kíákíá bí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀bùn ìrìn-àjò lásán.

Ní etí òkun Mẹditaréníà, irú ìrìn báyìí, láti wo ohun tí ìjọba ọkọ̀ òkun fi sílẹ̀, ti di iṣẹ́ ńlá. Ìlú Venice fi ọkọ̀ òkun jọba níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí Napoleon tó gba ìlú náà ní 1797. Lónìí wọ́n ń kó àlejò láti Zadar dé Corfu, títí dé erékùṣù Crete, wọ́n ń fi odi ìlú hàn wọ́n, àti kìnnìún abìyẹ́ ti Mark Mímọ́ tí àwọn ará Venice gbẹ́ sára òkúta láwọn ibi tí ìjọba wọn dé. Ìjọba ọkọ̀ òkun tó dé ọ̀dọ̀ tiwa náà fi òkúta sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Abẹ́òkúta, ara aṣọ ni ipa rẹ̀ hàn sí jù, àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ló sì ni ọwọ́ tó wà nínú iṣẹ́ náà.

Òwú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1850, Henry Venn tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS ní Lọ́ńdọ̀nù àti Thomas Clegg, oníṣòwò òwú ní Manchester, fẹ́ kí àwọn Ẹ̀gbá máa gbin òwú tà, kí òwò ẹrú lè ní arọ́pò. Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ya kóró kúrò lára òwú ránṣẹ́, wọ́n fi èyí tó ń fún un di ìdì ránṣẹ́. Òwú bá ọkọ̀ ojú omi sọ̀ kalẹ̀ nínú odò Ògùn lọ sí Èkó, ó gorí òkun. Láti àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni aṣọ funfun olówó pọ́ọ́kú ti ń wọ̀ wá, nígbà tí réluwéè Èkó sí Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1901, tó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó wá ń ya wọ ìlú bí omi òjò.

Àwọn kan ì bá kàn rán an wọ̀. Àwọn ìyá wa wò ó, wọ́n rí i pé ó yàtọ̀ sí kíjìpá tí wọ́n ń hun nílé. Kíjìpá nípọn, kò ṣeé dì kéékèèké. Èyí fẹ́lẹ́, ó gba ìko, ó gba abẹ́rẹ́, ó sì mu aró dáadáa. Ìtàn ẹnu nílùú sọ pé agboolé Jójọlá ní Kémta ni iṣẹ́ adìrẹ yìí ti gbilẹ̀, agboolé obìnrin tó di Ìyálóde Ẹ̀gbá lẹ́yìn Ẹfúnróyè Tinúbú. Kí ogun àgbáyé kejì tó dé, àwọn oníṣòwò ti ń wá láti Sẹ̀nẹ̀gà láti ra adìrẹ ní Abẹ́òkúta. Judith Byfield kọ odidi ìwé kan, The Bluest Hands, lórí àwọn aláró ìlú yìí. Ó wù mí kí gbogbo afinimọ̀nà tó ń kó èèyàn wọ Aké kà á.

"Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ìyá wa," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí bó ti dé iwájú ìsọ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, ọmọ Lísàbi. Ẹ kú ìrìn. Ṣé kò sí o?"

Obìnrin ará Lọ́ńdọ̀nù náà kúnlẹ̀ díẹ̀, ó fọwọ́ kan òrùka funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló dé tí ibí yìí kò dúdú?"

"Ìko ló dì í mú, ọmọ mi. Ibi tí ìko bá dì mú, aró kò ní ohun tó ń wá débẹ̀." Ó wo ojú ọmọ náà díẹ̀, ó fa àpò ọ̀rá kan yọ lábẹ́ pẹpẹ, ó tú aṣọ kan jáde nínú rẹ̀. "Ẹ wo èyí. Ti ìyá mi ni. Kì í ṣe títà o."

Adìrẹ ẹlẹ́kọ ni, Olọ́ba. Mo sún mọ́ ọn, gbogbo wa la sún mọ́ ọn. Ní 1935 ni irú ọnà yìí jáde, nígbà tí wọ́n ṣe àjọ̀dún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí King George Karùn-ún gorí oyè. Àwòrán ọba àti ayaba rẹ̀ Mary wà lára oríṣiríṣi ohun tí wọ́n tà fún àjọ̀dún náà, àwọn ayàwòrán adìrẹ sì fi ẹ̀kọ ya wọ́n sáàárín aṣọ. Ẹni tó yà á lẹ́yìn wo ti ẹni tó ṣáájú, ojú ọba bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Lórí aṣọ ìyá yìí, ojú ọba gbòòrò, ó là rekete, ó di ojú èèyàn tí a lè pàdé ní Láfẹ́nwá lónìí. Yíká rẹ̀, ẹyẹ àti ewé kún gbogbo àyè. Wọn ò fi ọba yẹn ṣẹ̀sín, wọn ò sì wólẹ̀ fún un. Wọ́n gbà á sínú aṣọ bí wọ́n ṣe gba ẹyẹ àti ewé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe gbọ̀ngàn Màpó ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1929. Nínú ọnà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, àwọn òpó Màpó dúró ní ìlà, ṣíbí sì wà láàárín wọn. Ọ̀dọ̀ wa níbí, páànù ni àwọn ọkùnrin máa ń gé ọnà sí, tí wọ́n á gbé e lé aṣọ, tí wọ́n á fi ẹ̀kọ tẹ̀ ẹ́ gba ojú ihò. Páànù tí wọ́n fi tẹ́ inú àpótí tíì àti sìgá tó ń ti òkun dé wà lára èyí tí wọ́n kọ́kọ́ lò. Ẹ rò ó wò: àpótí ọjà ọkọ̀ òkun di irinṣẹ́ adìrẹ. Kí la tún fẹ́ fi han àlejò tó ju èyí lọ?

Ìjà pẹ̀lú wọ inú iṣẹ́ yìí. Ní àwọn ọdún 1930, ọjà dẹnu kọlẹ̀ káàkiri ayé, owó ṣọ̀wọ́n, àwọn aláró kan ń lo kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó dípò èlú àti eérú, torí ó yá ju tilé lọ. Àwọn oníbàárà ní aṣọ ń ṣá, ó ń ya. Aláké Ladapọ̀ Adémọ́lá Kejì fi òfin de èròjà náà. Àwọn obìnrin náà kò gbà. Wọ́n gba lọ́yà, ọ̀rọ̀ sì le títí tí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936. Nígbà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin ọjà jọ lòdì sí owó orí, tí Aláké kan náà fi kúrò lórí oyè ní 1949, àwọn obìnrin tó mọ bí a ṣe ń kọjú sí ààfin ti wà nílẹ̀.

Kọ́sítíìkì sódà náà ló wà nínú báàfù ní ẹ̀yìn ọjà báyìí, kò sì sí ẹni tó ń jà sí i mọ́. Ìjà ti di òmíràn. Ní ìsọ̀ kejì sí ti ìyá, aṣọ kan so rọ̀ tó ní gbogbo ọnà adìrẹ lára, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ nílẹ̀ òkèèrè. Yí i padà, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Adìrẹ tòótọ́ mu aró tojú-tẹ̀yìn. Owó ti ẹ̀rọ kò tó nǹkan, àwọn tó ń wá aṣọ ẹgbẹ́ sì ń rà á. Àtàǹpàkò tó ń tú ìko ò lè bá ẹ̀rọ du iye. Bí àwọn àlejò bá lè jókòó ti irú ìyá báyìí fún wákàtí kan, kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń rà, kí wọ́n san owó tó tọ́ sí i, ìyẹn á ṣe é ní àǹfààní ju gbogbo àwòrán tí wọ́n ń yà níwájú ìsọ̀ rẹ̀ lọ.

Ebi ti ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Obìnrin kan gbé ìrẹsì Ọ̀fàdà kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, tó fi ewé pọ́n, tí ata rẹ̀ tó fi epo pupa dín ń ta sánsán. Ará Ọ̀fàdà lèmi náà, mo sì yọ̀ nígbà tí mo rí bí wọ́n ṣe yí i ká. Ìrẹsì funfun tó ń ti ojú òkun wọlé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé tiwa kúrò nínú ìkòkò rí, òkúta ni wọ́n fi ń bú u. Lónìí ó wọ́n ju ti òkèèrè lọ, ayẹyẹ tó bá pé ló sì ń gbé e síwájú àlejò.

Aago mọ́kànlá ku díẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ka àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n dín méjì. Ó wò yíká, ó rí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù náà lórí àpótí, wọ́n ti gba ìko lọ́wọ́ ìyá, wọ́n ń gbìyànjú láti di kóró kékeré kan sára aṣọ funfun.

"Ẹ̀gbọ́n, Olúmọ ń dúró dè wá o," ó ń ké sí ọkùnrin náà.

"Ẹ máa lọ, a ó bá yín lẹ́sẹ̀ òkúta."

Ìyá na ọwọ́, ó tú ohun tí ọkùnrin náà dì, ó ní kó tún un ṣe. "Fà á le, ọmọ mi. Fà á le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Eléyìí, aró á wọlé."