Ewé Tútù Lẹ́yìn Tírélà

Ní oṣù kẹta ọdún 2004, wọ́n tú àwọn ọkọ̀ tí kò ní dẹ́rẹ́bà sílẹ̀ fún ìdíje ní aṣálẹ̀ Mojave, ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kankan nínú wọn kò dé ibi tí wọ́n ń lọ. Èyí tó rìn jìnnà jù há sórí òkìtì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lẹ́yìn máìlì 7. Nígbà tó di ọdún 2005, ọkọ̀ márùn-ún rin máìlì 132 já.

*

Alẹ́ ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2018, ní Tempe, ní Arizona. Obìnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọdá títì. Ó ku ìṣẹ́jú-àáyá 5.6 kí ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀, tí iléeṣẹ́ Uber ń dán wò, kọlù ú ni ẹ̀rọ ọkọ̀ náà ti kọ́kọ́ rí i. Ó pè é ní ọkọ̀, ó pè é ní kẹ̀kẹ́, ó tún yí i padà. Wọn kò kọ́ ọ pé ènìyàn lè sọdá níbi tí kò sí ìlà funfun. Obìnrin náà kú. Bí irú ọkọ̀ yìí yóò bá dé Ojúẹlẹ́gba, l'Ékòó, ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́kọ́ kọ́ nìyẹn.

*

Bí tírélà bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ọmọ ọkọ̀ á sáré wọ igbó, á já ẹ̀ka igi, á tò ó sẹ́yìn ọkọ̀ ní ẹsẹ̀ mélòó kan síra wọn. Ewé á rọ, táyà á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀dà, síbẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ á mọ̀ pé ewu ń bẹ níwájú. Ọ̀rọ̀ yìí náà ni ọkọ̀ tó ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ ń sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni yóò máa fi rédíò kéde ibi tó wà àti bí eré rẹ̀ ṣe tó. Bó bá tẹ bíréèkì lójijì, èyí tó wà lẹ́yìn á gbọ́, bí ohunkóhun tilẹ̀ dí i lójú. Ewé kì í hàn lóru. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fẹ́ kí ọkọ̀ tó ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ dé.

*

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni ará Phoenix, ní Arizona kan náà, ti lè pe ọkọ̀ iléeṣẹ́ Waymo tí ìjókòó dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ṣófo. Títì ibẹ̀ gbòòrò, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀, ìlà ojú títì sì hàn. Ẹ jẹ́ ká kun tiwa ná.

*

Ní Yúróòpù, láti ọdún 2018, gbogbo irú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ló gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí yóò fúnra rẹ̀ pe 112 bí ìjàǹbá ńlá bá ṣẹlẹ̀, tí yóò sì sọ ibi tí ọkọ̀ wà. Ní Nàìjíríà, 112 yìí náà ni à ń pè. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ lóru, ẹni tó bá ń kọjá la gbójú lé. Ẹ̀rọ tó ń pe 112 yìí ni kó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, kò dìgbà tí ọkọ̀ bá mọ ara rẹ̀ wà.