Ẹni tó mọ ọmọ náà jù ò sí nínú ìpàdé

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibi jókòó sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan níbí ní Atlanta fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ìṣẹ́jú mẹ́fà gbáko. Ẹ̀gbọ́n yìí ti ṣe igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé rí ní Ìbàdàn. Níbí, parapro ni wọ́n, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ nínú kíláàsì àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà. Wọ́n ní tíṣà àwọn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ò jẹ́ kí àwọn mọ̀ ju "pààrọ̀ páḿpásì fún eléyìí, mú tọ̀hún lọ síbi bọ́ọ̀sì" lọ. Wọ́n wá ní, "Àbúrò, ìwọ tí ò ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé lórí nǹkan yìí, ṣé kí n fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ni, àbí kí n máa fara dà á?"

Mo dá wọn lóhùn ní ṣókí. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tó yẹ kí n fún wọn gùn, ìtìjú tèmi sì wà nínú ẹ̀. Mo ń kọ ọ́ síbí torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, àwọn mìíràn sì ní ọmọ nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀.

Fún àwọn tí ò mọ̀: láti 1975, nígbà tí Ààrẹ Gerald Ford fọwọ́ sí òfin náà, ni gbogbo ọmọ tó ní ìpèníjà ní Amẹ́ríkà ti ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé ìjọba. IDEA ni wọ́n ń pe òfin náà báyìí. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ètò tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IEP. Ohun tí ọmọ náà máa kọ́ lọ́dún yẹn wà níbẹ̀, àti ìrànlọ́wọ́ tó tọ́ sí i. Olùkọ́ ló ń darí kíláàsì. Ṣùgbọ́n parapro ló sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ láti ìgbà tí bọ́ọ̀sì bá já a sílẹ̀ títí bọ́ọ̀sì á fi gbé e padà. Ní Georgia níbí, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ ti lo ó kéré tán ọdún méjì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tàbí kó yege nínú ìdánwò kan. Owó rẹ̀ ò sún mọ́ ti olùkọ́ rárá. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi iṣẹ́ mìíràn kún un nírọ̀lẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀.

Èmi náà ti ṣe parapro. Lọ́tìrì fisa ló gbé mi dé ní 2014, lẹ́yìn tí mo ti fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ àwọn ọmọ tí kò gbọ́rọ̀ ní Ọ̀yọ́. Kí wọ́n tó yẹ ìwé ẹ̀rí mi wò tán, kí n tó ṣe ìdánwò olùkọ́, mo fi ọdún mẹ́ta jókòó lórí àga kékeré lẹ́yìn kíláàsì. Tíṣà mi nígbà náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó máa ń ra kọfí fún mi. Ṣùgbọ́n kò bi mí ní ìbéèrè kan rí nípa ọmọ tí mò ń bá jẹun, tí mò ń mú lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lójoojúmọ́. Tí ìpàdé IEP bá tó, èmi ni wọ́n máa ń ní kó dúró ti àwọn ọmọ kí àwọn yòókù lè ráyè lọ. Mo búra pé tí mo bá di olùkọ́, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe mú ìbúra náà ṣẹ.

Oṣù Kẹjọ 2022. Mo ti di olùkọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé-ìwé tuntun, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ PhD mi. Ọmọ mẹ́jọ ló wà ní kíláàsì mi. Ọ̀kan nínú àwọn parapro tí mo bá níbẹ̀ jẹ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ yìí, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún nínú kíláàsì yẹn. Nínú ọkàn mi, Màmá ni mò ń pè wọ́n. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń bá àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀, "parapro mi" ni mo máa ń sọ, bí ẹni ń sọ pé "báàgì mi".

Ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan wà níbẹ̀, ó ní autism, kì í sọ̀rọ̀. Màmá máa ń mú un lọ jẹun ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú àwọn yòókù. Wọ́n á gba ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n á jókòó sí kọ̀rọ̀, Màmá á bá a bó ọsàn rẹ̀. Kò sí èyí nínú IEP rẹ̀. Orí Màmá ló wà.

Láàárín ọjọ́ yẹn ni wọ́n fún wa ní ìwádìí kan kà ní yunifásítì, èyí tí Michael Giangreco àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1997. Ó dá lórí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí àgbàlagbà bá lẹ̀ mọ́ ọmọ tó ní ìpèníjà jù. Ọmọ náà lè má rí àyè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Ó lè máa gbára lé àgbàlagbà nínú ohun gbogbo. Olùkọ́ kíláàsì pàápàá lè máa wo ọmọ náà bíi ti olùrànlọ́wọ́, kì í ṣe tirẹ̀. Ìwádìí gidi ni, mo ṣì ń lò ó títí dòní. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe kà á tán, mo wo Màmá, mo ní àwọn gan-an ni ìwé yìí ń bá wí.

Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, mo jókòó nílé, mo kọ ètò tuntun. Kí ọmọ náà máa bá gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ jẹun nígbà tí agogo bá lù. Kí Màmá dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí i. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi ọ̀rá bò ó, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Màmá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Mo ní, "Bó ṣe wà níbẹ̀ ni kí ẹ ṣe é."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Ìwọ ni tíṣà."

Ẹ̀yin tí àgbà tọ́ dàgbà, ẹ mọ ohun tí gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí. Èmi ò gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ọjọ́ Thursday. Gbọ̀ngàn oúnjẹ kún fọ́fọ́, ariwo gba gbogbo ibẹ̀. Ẹnìkan já tíréè sílẹ̀. Ọmọ náà ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ àgbọ̀n, ó wá dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, mo rẹ́rìn-ín, mo ní ètò mi ń ṣiṣẹ́. Ìgbà yẹn ni Màmá pariwo orúkọ mi. Àwọn ti mọ̀ pé tó bá ti dákẹ́ báyẹn, ó fẹ́ sá ni. Ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ló wà láàárín wọn. Ọmọ náà ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde, síbi tí ọkọ̀ akẹ́rù kan ti ń ṣe rìfáàsì. Dẹ́rẹ́bà ò rí i rárá. Màmá sáré, àwọn tí orúnkún ń dùn láti ọjọ́ yìí, wọ́n fi ọwọ́ gbá a ní ṣẹ́ẹ̀tì mú, àwọn méjèèjì sì ṣubú lulẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ ọmọ náà bó díẹ̀. Orúnkún Màmá wú bí àgbọn.

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè níbẹ̀ pé ta ló wà pẹ̀lú ọmọ náà. Mo kọ orúkọ Màmá. Wọ́n ní báwo ló ṣe jìnnà tó. Mo kọ "bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá". Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò kọ ẹni tó ní kí wọ́n dúró síbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, a ti ń gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gbé Màmá kúrò lọ sí ilé-ìwé mìíràn, wọ́n ní wọn ò mójú tó ọmọ dáadáa.

Mo dákẹ́. Mo ní àlejò ni mí níbẹ̀, mo ní ohùn mi ò jọ tiwọn, mo ro owó ilé, mo ro ìwé àṣẹ olùkọ́ mi tí mo fi ọdún mẹ́ta wá. Lálẹ́ Sunday, mo pe ìyá mi ní Ọ̀yọ́, mo rò ó fún wọn. Wọn ò bá mi wí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ìyá tó ṣubú yẹn, ṣé o ti lọ kí wọn?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò tíì kí wọn. Àgbàlagbà ṣubú lójú mi, ó ti pé ọjọ́ mẹ́rin, mi ò tíì sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́.

Láàárọ̀ Monday mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, mo ní èmi ni mo kọ ètò yẹn, Màmá tilẹ̀ bi mí bóyá ó dá mi lójú. Wọ́n kọ lẹ́tà sínú fáìlì mi. Màmá ò kúrò. Kí àwọn ọmọ tó dé, mo wọ kíláàsì, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, "Dìde, dìde, kí wọ́n má bàa rò pé nǹkan ń ṣe ẹ́." Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Tó o bá bi mí ni, mi ò bá ti sọ fún ẹ." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má rò pé a dì mọ́ra tí gbogbo ẹ̀ sì tán. Títí Oṣù Kẹwàá, "good morning" nìkan ló ń jáde lẹ́nu wọn sí mi. Nǹkan kéékèèké ló tún un ṣe.

Èkíní, ogún ìṣẹ́jú lọ́jọ́ Thursday, nígbà tí àwọn ọmọ bá lọ kọ́ orin. Mo bẹ ọ̀gá ilé-ìwé kó wà láàárín wákàtí tí wọ́n ń sanwó fún, torí ẹni tí wọ́n ń san owó fún ní wákàtí-wákàtí, èèyàn ò lè ní kó dúró lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ìbéèrè tèmi ló máa ń ṣáájú: "Kí lẹ rí lọ́sẹ̀ yìí tí mi ò rí?" Ohun tí wọ́n bá sọ, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ń kọ ọ́.

Èkejì, a kọ iṣẹ́ kálukú sínú ìwé kan ṣoṣo. Páḿpásì wà níbẹ̀, orúkọ mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Tuesday àti Wednesday.

Ẹ̀kẹta, a ò jẹ́ jiyàn lójú àwọn ọmọ mọ́. Tí mo bá ń ṣe ohun tí ò dáa, Màmá á ní, "Tíṣà, wọ́n ń pè ẹ́ lórí fóònù." Kò sí fóònù kankan. Màá tẹ̀ lé wọn bọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀kẹrin ló tóbi jù. Òfin fàyè gbà á pé kí òbí tàbí ilé-ìwé pe ẹnikẹ́ni tó mọ ọmọ dáadáa wá sí ìpàdé IEP. A pe Màmá. Wọ́n sọ nípa dídákẹ́ yẹn, àti ọwọ́ lábẹ́ àgbọ̀n. Ìyá ọmọ náà gbé bíírò sílẹ̀. Ó ní ọmọ náà ti sá jáde nílé lẹ́ẹ̀mẹta, òun ò mọ ìdí ẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá ti dákẹ́ ni òun máa ń rò pé ara ẹ̀ ti balẹ̀. Ọdún mélòó ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé lórí ọmọ yẹn? Ẹni tó mọ ìdáhùn wà nínú kíláàsì kejì, ó ń ṣọ́ àwọn ọmọ.

Kí n má parọ́, kì í ṣe gbogbo ohun tí Màmá ń ṣe ló dáa. Wọ́n ní ọmọ náà ò lè bó ọsàn láéláé. Mo pín in sí wẹ́wẹ́, mo kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó fi máa di Oṣù Kẹta, ó ń dá bó tirẹ̀. Màmá fajú ro díẹ̀, wọ́n ní, "Ìwé ẹ ò burú." Ti gbọ̀ngàn oúnjẹ náà, a jọ tún un ṣe: a kọ́kọ́ mú ọmọ kan ṣoṣo jókòó tì í ní kọ̀rọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà méjì. Kí ọdún ẹ̀kọ́ tó parí, àwọn mẹ́ta ló jọ ń jẹun, Màmá sì jókòó sí tábìlì mìíràn. Ìwé Giangreco ò parọ́. Màmá náà ò parọ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Èmi ni mo fẹ́ fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣe méjèèjì.

IDEA sọ pé kí wọ́n kọ́ parapro níṣẹ́ bó ṣe yẹ, kí ẹnìkan sì máa bójú tó iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹ̀kọ́ olùkọ́ tí mo ṣe, nílé àti níbí, kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa bá àgbàlagbà ẹlẹgbẹ́ mi ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì. Ohun tí mò ń kọ ìwé oyè mi lé lórí nìyẹn.

Torí náà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ béèrè IEP. Òfin ní kí ẹni tó ní ipa láti kó nínú ẹ̀ mọ ohun tó kàn án. Ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, kí ẹ sì bẹ ọmọ yẹn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀. Ẹ má fi "nígbà tí mo wà ní igbákejì ọ̀gá" bẹ̀rẹ̀ o, ẹ̀rù á bà á. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọn ò kọ́ òun náà. Tó bá wá kọ̀ pátápátá, a jọ máa wá ilé-ìwé mìíràn fún yín, Atlanta tóbi.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ béèrè kí ẹ tó lẹ nǹkan mọ́ ògiri. Ẹ̀yin òbí, ẹ bi wọ́n pé ta ló ń bá ọmọ yín jẹun, kí ẹ sì ní kó wà nínú ìpàdé.

Ẹ̀yin parapro tí ẹ ń ka èyí nínú bọ́ọ̀sì MARTA: kí lẹ mọ̀ nípa ọmọ kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ yìí, ẹ má ṣáà dárúkọ ọmọ. Mò ń kà á.