Bàbá mi, Arsenal àti oògùn tí wọn kì í lò lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá kan máa sọ pé kí ló pa nọ́ọ̀sì pọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù. Ẹ fara balẹ̀, ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí, bóyá ó sì kan ẹnì kan nínú ilé tiyín náà.

Bàbá mi ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, mo sì ti gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn kí n tó kọ ọ́. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìsùadà níbí la jọ ń gbé, ilé wọn kò jìnnà sí tèmi. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó sì ti pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára wọn. Wọn kì í mu ọtí, wọn kì í fa sìgá. Nǹkan kan ṣoṣo tó ń mú wọn pariwo ni Arsenal.

Kanu Nwankwo ló fà á. Ẹ máa rántí pé Kanu ni kápútéènì àwọn ọmọ wa tó gba góòlù mẹ́dàl nínú ìdíje Òlíńpíìkì ní Atlanta lọ́dún 1996. Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ sí Inter Milan ní Ítálì, ibẹ̀ ni àwọn dókítà ti rí i pé ọkàn rẹ̀ ní àbùkù. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà lóṣù Kọkànlá ọdún náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ti parí, àmọ́ ó padà sórí pápá lọ́dún 1997, ó sì dé Arsenal lọ́dún 1999. Lóṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Chelsea ti gbá góòlù méjì sáwọ̀n wọn, kò sì tó ìṣẹ́jú ogún tó kù kí eré parí, ni Kanu bá dá gbá mẹ́ta wọlé. Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi ti di ọmọ Arsenal. Lọ́dún 2003 sí 2004, nígbà tí Arsenal gba líìgì láìpàdánù ẹyọ kan nínú eré 38, ṣe ni wọ́n ń sọ ọ́ kiri bí ẹni pé àwọn gan-an wà lórí pápá.

Ó wá ku sáà 2022 sí 2023 tí mo fẹ́ sọ. Ọdún 2022 kò rọrùn fún àwa ará agbègbè yìí. Ẹ ò ní gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis l'Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà. Fún bí oṣù méjì, bàbá mi kò fẹ́ jáde nílé. Wọ́n á kàn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa wo títì. Nígbà tí líìgì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 5, oṣù Kẹjọ, tí Arsenal na Crystal Palace ní 2-0, ìgbà yẹn ni mo tún gbọ́ ẹ̀rín wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló mú kí n ṣe àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ fún yín.

Sáà náà dùn, ẹ̀yin èèyàn mi. Eré márùn-ún àkọ́kọ́, Arsenal gba gbogbo ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dánu dúró fún Ife Àgbáyé ní Qatar, àwọn ni wọ́n wà lókè tente. Bàbá mi a máa lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù láàárín ìlú pẹ̀lú ọmọkùnrin mi àgbà. Bí wọ́n bá dárúkọ Bukayo Saka lórí ẹ̀rọ, wọ́n á yíjú sí àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ gbọ́? Ọmọ Yorùbá ni. Bùkáyọ̀. Ó ti bù kún ayọ̀ wa."

Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹta, ọdún 2023, Bournemouth gbá góòlù wọlé kí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó pé. Ó tún di 2-0. Ìgbà tí owó náírà ṣọ̀wọ́n nílùú nìyẹn, orí gbèsè ni olówó ilé bọ́ọ̀lù ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ sí. Arsenal san méjèèjì padà, nígbà tó sì di ìṣẹ́jú 97, Reiss Nelson gbá ẹ̀kẹta wọlé. Ọmọ mi ní Bàbá àgbà fò sókè, wọ́n jókòó, wọ́n sì di àyà mú fún bí ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí mo gbé ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi lọ bá wọn lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun tí mo rí ni 178 lórí 102. Ẹ rántí pé bí ó bá ti tó 140 lórí 90, ó ti ga nìyẹn.

Ibí ni àṣìṣe mi wà. Dípò kí n jókòó tì wọ́n kí n béèrè ọ̀rọ̀, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gùn mí. Mo pariwo. Mo ní wọn ò gbọ́dọ̀ lọ wo bọ́ọ̀lù mọ́. Mo bá ọmọ mi wí pé kó má tẹ̀ lé wọn mọ́. Bàbá mi kò fèsì. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Ó dáa, Nọ́ọ̀sì." Mo rò pé mo ti borí ni. Mi ò mọ̀ pé ṣe ni mo kọ́ wọn láti máa fi nǹkan pa mọ́ fún mi.

Nígbà tí oṣù Kẹrin wọlé, Arsenal fi póìǹtì mẹ́jọ ṣáájú Manchester City. Lọ́jọ́ 9, tí í ṣe ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, wọ́n kọ́kọ́ gbá góòlù méjì sáwọ̀n Liverpool, Liverpool san án padà, wọ́n ta ọ̀mì. Lọ́jọ́ 16, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ West Ham, Saka sì tún gbá pẹ́nátì síta. Mo ń fọ ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú náà nígbà tí ọmọ mi sáré wọlé pé, "Mọ́mì, Bàbá àgbà ní òyì ń kọ́ àwọn." Wọ́n ti fi ejò pa mọ́ sínú igbó fún mi, wọ́n ti jọ lọ sí ibi bọ́ọ̀lù.

Orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ń ṣú. Ẹ̀jẹ̀ wọn wà ní 196 lórí 110. Mo ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n gbé apá méjèèjì sókè, kí wọ́n dárúkọ àwọn ọmọ wọn fún mi. Ẹnu kò wọ́, apá kò jábọ́, ọ̀rọ̀ wọn já gaara. Síbẹ̀, mi ò dúró. A gbé wọn sínú mọ́tò, ó di ilé ìwòsàn l'Ọ̀wọ̀. Ọlọ́run bá wa ṣe é, kì í ṣe rọpárọsẹ̀. Wọ́n sùn síbẹ̀ mọ́jú, ẹ̀jẹ̀ náà sì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Òru ọjọ́ yẹn ni mo padà sílé wọn láti lọ kó aṣọ. Orí tábìlì ni mo ti rí páálí oògùn wọn. Èmi ni mo ra oògùn ọjọ́ 28 fún wọn, ọjọ́ 20, oṣù Kẹta ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ó yẹ kó tán láàárọ̀ ọjọ́ náà. Márùn-ún ni mo bá níbẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, mo ń ṣírò. Ọmọ mi ló wá là mí lójú. Ó ní ọjọ́ márùn-ún ni Bàbá àgbà lọ wo bọ́ọ̀lù láti ìgbà náà: ọjọ́ mẹ́ta fún Arsenal, ọjọ́ méjì fún Manchester City, nítorí wọ́n fẹ́ fojú ara wọn rí ẹni tó máa na City.

Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ wọn lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ojú tì wọ́n. Oògùn tí wọ́n ń lò wà lára èyí tó ń fa omi kúrò lára, tó ń jẹ́ kéèyàn máa tọ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ibẹ̀ ò ní ilé ìtọ̀. Bí mo bá sì dìde, ẹlòmíì á jókòó sí àyè mi. Mo wá ń fò ó lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù." Ẹ wò ó, gbogbo ọdún tí mo fi ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mi ò béèrè ìbéèrè yẹn rí.

Dókítà kò ní kí wọ́n má wo bọ́ọ̀lù mọ́. Ó ní kí wọ́n máa lo oògùn náà ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ lójoojúmọ́, kí èyí tó pọ̀ nínú ìtọ̀ náà ti lọ kí eré ọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀. Èmi náà bá olówó ilé bọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀, ó fún wọn ní àga kan lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, aládùúgbò kan sì gbà kí wọ́n máa lo ilé ìtọ̀ òun. Ìṣòro tó fẹ́ pa bàbá mi, àga kan àti aago kan ló yanjú ẹ̀.

Kì í ṣe àròsọ ni mò ń sọ o. Nígbà Ife Àgbáyé ọdún 2006 ní Jámánì, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ṣàyẹ̀wò ní ìlú Munich àti agbègbè rẹ̀, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2008. Lọ́jọ́ tí Jámánì bá ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn tí àìsàn ọkàn ń dà dúbúlẹ̀ lójijì ju ìlọ́po méjì àtààbọ̀ iye ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ti àwọn ọkùnrin ju ìlọ́po mẹ́ta. Nílé wa níbí náà, lọ́jọ́ 7, oṣù Kejì, ọdún 2024, nígbà tí Super Eagles àti South Africa ń wọ̀yá ìjà, tí VAR fagi lé góòlù Osimhen tó sì fún àwọn yẹn ní pẹ́nátì, ìròyìn jáde pé àwọn ọmọ Nàìjíríà mélòó kan kú nídìí ìwòran. A sì borí lọ́jọ́ náà o! Èyí fi hàn pé ayọ̀ àti ìbẹ̀rù jọ ń sá eré kan náà nínú ọkàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ má fo oògùn lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù. Bí oògùn kan bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ sọ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, ẹ má dá a yí padà fúnra yín. Ẹ má fi ọtí àti ìyọ̀ àpọ̀jù ti eré. Bí àyà bá ń fún yín pinpin, tí ìrora náà ń gba apá tàbí àgbọ̀n lọ, tí ẹ ń làágùn, tí èémí ò já geere, ẹ má dúró de ìṣẹ́jú 90. Bí ẹnu bá wọ́, tí apá kan bá kú, tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ẹ má rọ àgbo síni lẹ́nu, ẹ má sì ki oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sábẹ́ ahọ́n aláìsàn.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń tọ́jú òbí, ẹ máa ka oògùn wọn, àmọ́ ẹ fi ìfẹ́ kà á. Àgbà tí a bá pariwo mọ́ kò ní sọ òótọ́ fún wa mọ́.

Lọ́jọ́ 26, oṣù Kẹrin, èmi náà tẹ̀ lé wọn lọ. Manchester City fi 4-1 na Arsenal. Nígbà tí góòlù kẹta wọlé, bàbá mi fúnra wọn dìde, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, jẹ́ ká máa lọ jẹun." A rìn lọ sílé nínú òkùnkùn, wọ́n fi ọwọ́ lé mi léjìká. 148 lórí 88 ni mo rí. City gba líìgì pẹ̀lú póìǹtì 89, Arsenal ní 84. Lọ́jọ́ tí sáà náà parí, 28 oṣù Karùn-ún, Arsenal na Wolves ní 5-0, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ife ti lọ. Mo bi wọ́n pé ṣé kò dùn wọ́n. Wọ́n ní, "Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n oṣù Kẹjọ kò jìnnà, mo sì fẹ́ bá a níbẹ̀."

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí gbogbo wa bá a níbẹ̀. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.