Kí Ọwọ́ Kọ́kọ́ Di Bọ́ọ̀lù Mú

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó dàgbà sí Amẹ́ríkà fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ilẹ̀ náà débi pé wọ́n tún ń ṣe líìgì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè kan kì í gbẹ lẹ́nu wọn: irú running back wo ni kí n gbé kalẹ̀? Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí àgbàlagbà fi sùúrù dáhùn rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ eré náà, kó kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe rí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù yìí, lórí pápá tó gùn ní 100 yáàdì. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin péré láti fi sún un síwájú ní yáàdì 10. Bí wọ́n bá ṣe é, wọ́n tún gba ẹ̀ẹ̀mẹrin mìíràn. Running back ni ẹni tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù lé lọ́wọ́ pé kó gbé e la àárín àwọn alátakò kọjá. Nínú líìgì orí kọ̀ǹpútà tí mò ń wí, ìwọ kọ́ lo máa tẹ bọ́tìnì tí yóò fi sáré. Pọ́ìntì ni wọ́n fún ọ láti fi kọ́ agbábọ́ọ̀lù kan nínú ẹgbẹ́ tí alákòóso kan ń darí. O óò pín in sí eré sísá, agbára, yíyẹ̀, ojú tó ń rí àlàfo, ọwọ́ tó ń di bọ́ọ̀lù mú, híhán bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù, èémí àti dídènà. Kọ̀ǹpútà á wá gbé ẹgbẹ́ méjì kojú ara wọn, á ṣírò, á sì mú èsì jáde. Ní ọ̀pọ̀ irú líìgì bẹ́ẹ̀, bí nǹkan kan bá ṣe ń ga sí i ni pọ́ìntì tí yóò tún gbé e sókè ń wọ́n sí i. Bí sáà bá sì ti ń gorí sáà, ọjọ́ orí á bẹ̀rẹ̀ sí í dín ohun tí o ti kó jọ kù.

Eré sísá ni ọmọdé kọ́kọ́ ń rà. Ó yé mi. Ẹni tó bá já gba etí pápá lọ, tó sáré 80 yáàdì tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, ó dùn ún wò. Àmọ́ kọ̀ǹpútà kì í pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni, àlàfo ni eré sísá sì nílò kó tó wúlò. Láàárín àwọn ọkùnrin gìrìwò tí wọ́n fara gún ara wọn níwájú, àlàfo ò pọ̀.

Ẹ wo Christian Okoye, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Enugu. Jíju díísíkì ló gbé e dé Azusa Pacific ní California, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà nígbà tó ti lé ní ọmọ 20 ọdún. Ó wúwo ju 250 pọ́n-ùn lọ. Ní 1989, ó gbé bọ́ọ̀lù sáré nígbà 370 fún Kansas City Chiefs, ó sì kó 1,480 yáàdì jọ. Kò sí ẹlòmíràn tó fi ẹsẹ̀ kó tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà nínú NFL, líìgì tó ga jù nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Ẹ pín in wò: yáàdì mẹ́rin géérégé ni lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Okoye mọ eré sá dáadáa, ṣùgbọ́n yáàdì mẹ́rin-mẹ́rin yẹn ló sọ ọ́ di aṣáájú. Asárétete ò róyè jẹ. Arìngbẹ̀rẹ̀ ní í móyè délé.

Ẹnìkan á ní, Barry Sanders ńkọ́? Òótọ́ ni. Ọkùnrin kúkúrú yẹn yẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó fi orí àti èjìká ga jù ú lọ, ó sì kó 2,053 yáàdì ní 1997. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé lọ́pọ̀ ìgbà, níbi tó ti ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ẹ̀yìn ni wọ́n ti mú un balẹ̀, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì pàdánù ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ gbọ́dọ̀ kó gbogbo pọ́ìntì rẹ̀ sórí yíyẹ̀ àti ojú tó ń rí àlàfo. Ìdajì Barry Sanders kò wúlò fún ẹgbẹ́ kankan.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ jù ni ọ̀rọ̀ ọwọ́. Bí wọ́n bá mú ọ balẹ̀ láìsún rárá, ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹrin ló lọ. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ tí alátakò sì gbé e, gbogbo rẹ̀ ló lọ, àwọn ló kàn láti sáré. Tiki Barber ti New York Giants mọ̀ ọ́n. Ẹlẹ́sẹ̀ dáadáa ni, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lemọ́lemọ́ débi pé àwọn èèyàn ń bẹ̀rù láti gbé e fún un. Nígbà tí Tom Coughlin dé gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ni wọn ní 2004, wọ́n tún ọwọ́ rẹ̀ kọ́: kó gbé bọ́ọ̀lù sókè lẹ́bàá àyà, kó sì fún un mọ́ra. Bọ́ọ̀lù jíjábọ́ náà dín kù gidigidi, ní 2005 ó sì kó 1,860 yáàdì jọ. Eré ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yí padà. Ọwọ́ ló yí padà. Nínú líìgì orí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ yìí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀rọ kì í gbàgbé. Àléébù kékeré tí o fojú fò, á máa kàn án lára ní gbogbo ìgbà tó bá gbé bọ́ọ̀lù, títí sáà fi máa parí.

Lẹ́yìn ọwọ́, híhán bọ́ọ̀lù ló kàn, pàápàá bí ẹgbẹ́ rẹ kò bá lágbára. Ẹgbẹ́ tó ń pàdánù kì í ráyè sáré, jíju bọ́ọ̀lù ni wọ́n máa ń sá dì. Running back tí kò lè hán an á kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì ni. Ní 2019, Carolina Panthers ò ṣe dáadáa rárá, síbẹ̀ Christian McCaffrey fi ẹsẹ̀ kó 1,387 yáàdì, ó sì tún hán bọ́ọ̀lù fún 1,005.

Jay Ajayi náà ní irú ẹ̀bùn yìí. London ni wọ́n bí i sí, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, orúkọ ìdílé rẹ̀ sì ti sọ ilé tó ti wá. Ní Boise State ní 2014, ó sáré ju 1,800 yáàdì lọ, ó sì hán bọ́ọ̀lù fún ju 500 lọ ní sáà kan náà. Síbẹ̀, nítorí pé orúnkún rẹ̀ ń kọ àwọn ẹgbẹ́ lóminú, ìpele karùn-ún nínú yíyan àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun sí NFL ni wọ́n tó mú un ní 2015. Lọ́dún kejì, ó sáré kọjá 200 yáàdì nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta fún Miami. Ó gba ife Super Bowl pẹ̀lú Philadelphia ní 2018, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni orúnkún rẹ̀ já.

Bí ara kò bá gbé e, ẹ̀bùn nìkan ò tó. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà kí ẹnikẹ́ni fojú fo èémí. Ọdún 15 ni Emmitt Smith fi sáré kó 18,355 yáàdì jọ, iye tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọjá. Kì í ṣe òun ló yára jù nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn tó ń dènà fún un ní Dallas dára, òun náà sì ń padà wá lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Tí ẹ bá bi mí, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kún, kẹ́ ẹ fi ojú tó ń rí àlàfo tẹ̀ lé e. Bí àwọn tó ń dènà níwájú bá lágbára, ẹ ra agbára. Bí wọn ò bá lágbára, ẹ ra híhán bọ́ọ̀lù. Ohun tó bá kù ni kẹ́ ẹ fi ra eré. Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ tó ná pọ́ìntì kankan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi alákòóso ẹgbẹ́ yín léèrè iye ìgbà tó fẹ́ kí running back rẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, kí ẹ sì wo àwọn tí yóò máa dènà fún un.