Motherboard server àbí ti géèmù? Ohun tí fídíò màmá mi àgbà kọ́ mi

1/ Ẹ ti ń bi mí pé motherboard wo ni mo padà rà. Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀. Orí fídíò kan tó bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀.

2/ Ìlobùú ni mo ń gbé. Ifọ̀n ni ìyá tó bí ìyá mi wà. Ẹni tó bá mọ ọ̀hún mọ̀ pé ìlú méjèèjì ti so pọ̀. Bí wọn ò bá sọ fún ẹ, o ò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, mo lọ jókòó ti màmá, mo gbé kámẹ́rà kalẹ̀. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe máa ń ru gààrí láti Ifọ̀n wá sí ọjà Ìlobùú nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge.

3/ Mo délé, mo ki káàdì kámẹ́rà bọ kọ̀ǹpútà. Dípò kí n ṣe "copy", "cut" ni mo ṣe. Bó ṣe parí báyìí ni wọ́n mú iná lọ. Nígbà tí iná dé, orúkọ fáìlì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣí. Mo wo káàdì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀bi mi ni.

4/ Mo ní kò burú, màá padà lọ. Àfi bí ìjà ilẹ̀ àárín ìlú méjèèjì ṣe tún bẹ́ sílẹ̀. Ilé jóná, èèyàn kú, ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé ní Ifọ̀n, Ìlobùú àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ibi tí mo máa ń fẹsẹ̀ rìn dé wá jìnnà sí mi ju Èkó lọ.

5/ Inú ilé tá a há mọ́ yẹn ni mo ti ń kàwé nípa kọ̀ǹpútà. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ pààrọ̀ motherboard mi, ó ti gbó. Mo wá pinnu pé ti server ni mo máa rà, irú èyí tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ní báńkì. Lọ́kàn tèmi, ìyẹn ò lè pàdánù fáìlì láéláé.

6/ Ohun tó fà mí ni RAM tó ń jẹ́ ECC. 0 àti 1 ni gbogbo ohun tó wà nínú RAM. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 1 kan lè ṣèèṣì di 0. Ẹ wo alájọ: ó sàmì sí káàdì yín, ó tún sàmì sínú ìwé tirẹ̀. Bí àṣìṣe bá wà nínú ọ̀kan, èkejì á fi hàn. Fún bit 64 kọ̀ọ̀kan, ECC ń fi 8 mìíràn ṣọ́ ọ. Bí bit kan bá yí, ó ń tún un ṣe. Bí méjì bá yí, ó ń ké gbàjarè.

7/ Owó rẹ̀ náà ò le. Xeon E5-2680 v4, tó jáde ní 2016, ní core 14, àlòkù rẹ̀ ò sì wọ́n. Èkejì tí mo ń wò ni motherboard géèmù B550 pẹ̀lú Ryzen 5 5600, core 6 péré. 14 àti 6! Kí ni mo tún ń rò?

8/ Nígbà tí ọ̀nà ṣí, mo lọ bá bọ̀dá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Òṣogbo. Mo ro gbogbo ẹjọ́ mi. Wọ́n gbọ́ tán, wọ́n ní, "Àbúrò mi, kí ló ba fáìlì rẹ jẹ́?" Mo ní iná tó lọ ni. Wọ́n ní, "Ṣé ECC máa ń mú iná wá ni?"

9/ Ẹnu mi wọhò. Òótọ́ ni sha. ECC ń ṣọ́ ohun tó wà nínú RAM nígbà tí iná bá wà. Bí iná bá ti lọ, ohun inú RAM lọ nìyẹn, ì báà jẹ́ RAM ọba.

10/ Wọ́n wá là á yé mi. Motherboard server máa ń pẹ́ kó tó tan, torí ó ń yẹ ara rẹ̀ wò fínnífínní. Níbi tí wọ́n ṣe é fún, wọn kì í sáábà pa á, kò sẹ́ni tó ń kánjú. Lọ́dọ̀ tèmi, mo lè tan kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ò tún ní ihò tí wọ́n ń ki earpiece sí. Àwọn mìíràn tóbi ju àpótí kọ̀ǹpútà tí mo ní lọ.

11/ Core ńkọ́? 5600 lè sáré dé 4.4GHz, Xeon yẹn ò kọjá 3.3GHz, core tirẹ̀ sì ti dàgbà. Ẹni tó ń gé fídíò máa mọ ìyàtọ̀ yẹn lára. 120W ni wọ́n kọ sí Xeon, 65W sí Ryzen.

12/ Ẹ̀yin oníńfátà, ẹ gbọ́. Bátìrì 12V, 200Ah kan jẹ́ 2,400Wh. Ká ní ìdajì lẹ fẹ́ lò, 1,200Wh. Kọ̀ǹpútà tó ń jẹ 300W á lò ó fún wákàtí 4. Èyí tó ń jẹ 200W á lò ó fún wákàtí 6, ká má tíì yọ èyí tí íńfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Wákàtí 2 yẹn, odidi fídíò kan ni lọ́wọ́ mi.

13/ Mo ra B550, èyí tó mọ níwọ̀n, kì í ṣe èyí tó ń tan iná aláràbarà. 64GB ni RAM tí mo fẹ́ kó sínú server. Mo ra 32GB, mo fi owó tó kù kún tọwọ́ mi, mo ra UPS àti hard disk méjì. UPS ń fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti tọ́jú iṣẹ́ kí n tó pa á. Hard disk kan wà ní Òṣogbo. Bí ilé bá jó, kò sí motherboard tó máa gbà mí.

14/ N ò ní server ò dáa o. Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀ǹpútà tí èèyàn púpọ̀ á máa kó fáìlì sí, tí kò ní kú tọ̀sán-tòru, tí ẹ sì ní iná tó dúró, òun ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ kàn má ra RAM server tó ń jẹ́ RDIMM torí pé ó pọ́ọ́kú, kẹ́ ẹ wá kì í bọ B550. Kò ní ṣiṣẹ́.

15/ Mo padà lọ bá màmá. Wọ́n tún ìtàn náà sọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní Ìlobùú, márùn-ún tí wọ́n dárúkọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, méjì péré ni wọ́n rántí. Wọ́n ní, "Ṣebí mo ti sọ ọ́ fún ẹ nígbà yẹn, àbí o ò gbọ́ ni?" Mo ní, "Mo gbọ́, mà."

16/ Ibi mẹ́ta ni fídíò kejì yẹn wà báyìí. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó bi mí pé èwo ni kẹ́ ẹ rà, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ba iṣẹ́ yín jẹ́ fún mi. Mò ń ka gbogbo èsì. Ẹ jọ̀ọ́, "copy" ni kẹ́ ẹ máa ṣe o. Ẹ má ṣe "cut".